Ìgò Kútẹ́ẹ̀sì Inú Báàgì Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ti wọlẹ̀ sùn, nítorí náà mo kí yín bí mo ṣe máa ń kí yín nígbà tí mo bá ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, tí mo bá bá yín lórí àga onírọ́bà níwájú ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí ẹ bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan, tí ẹ wọ ìkejì. Títí dòní, kò sẹ́ni tó mọ ìdí tí ẹ fi máa ń bọ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Ṣé ẹsẹ̀ òsì ló máa ń gbóná ju ti ọ̀tún lọ ni?

Ìròyìn pọ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan péré ló jẹ́ kí n mú bírò lónìí. Mo ti mọ ibi tí ẹ máa ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí ẹ̀ṣẹ̀ tèmi bẹ̀rẹ̀. Ọdún kẹwàá rèé tí mo tú báàgì yín wò. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ nígbà náà, mo sì rò pé ayé ti yé mi. Ọdọọdún, bí ọyẹ́ bá ti ń lọ, ẹ máa ń sọ fún èmi àti Màmá pé Èkó lẹ ń lọ, nítorí ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì, ẹ ó sì lo ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà níbẹ̀. Lọ́dún yẹn, mo ń wá abẹ́rẹ́ tí màá fi gán bọ́tìnnì, mo bá ṣí báàgì tí ẹ ti dì sílẹ̀. Ìgò kútẹ́ẹ̀sì mẹ́ta ni mo bá níbẹ̀, pupa kan, aláwọ̀ fàdákà kan, aláwọ̀ ewé kan, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ nínú ọ̀rá. Màmá kì í kun èékánná. Èmi náà kì í kùn ún. Kí ni kí ọmọ rò?

Ó yẹ kí n bi yín. Mi ò bi yín. Mo kó ìgò náà lọ fún Màmá nínú ilé ìdáná, bí ọmọ tó rí ejò lábẹ́ ẹní. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ẹ rántí bó ṣe rí. Màmá gbé ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ka orí tábìlì, ó bi yín pé, “Bàbá ọmọ mi, ta ló ni kútẹ́ẹ̀sì yìí?” Ẹ wo ìgò náà, ẹ wo èmi tí mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹ sì ní, “Èmi ni mo ni ín.” Màmá ní, “Ẹ̀yin lẹ ni ín? Ẹ̀yin lẹ̀ ń kun èékánná?” Ẹ dìde, ẹ wọ yàrá yín, ẹ ti ilẹ̀kùn.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Màmá ti kó ẹrù rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo bá a lọ. Àwọn ẹbí wá bẹ̀ ẹ́ títí, pásítọ̀ wá, ẹ̀yin náà wá lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní ẹ ò ní obìnrin kankan níta. Màmá ní kí ẹ sọ ibi tí ẹ máa ń lọ nígbà náà, nítorí ó ti wádìí, kò sí ìpè kankan láti Èkó. Ẹ dákẹ́. Bàbá, ẹ máa bínú sí mi, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà jẹ̀bi níbẹ̀ yẹn. Agídí ará Ọ̀yọ́ wà lára yín ju bó ṣe yẹ lọ. Irọ́ Èkó yẹn, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?

Nígbà tí ẹ kú lọ́dún tó kọjá, Màmá wá síbi ìsìnkú. Ó jókòó sábẹ́ ìbòrí tí wọ́n ta fún àwọn àlejò, láàárín àwọn tó bá ẹgbẹ́ akọrin wá, kò sì fẹsẹ̀ kan inú ilé. Mo ń wò ó láti òkèèrè. Inú mi bà jẹ́ ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ síbí lọ.

Fóònù yín wà lọ́wọ́ mi láti ọjọ́ náà. Mò ń fi iná sí i ṣáá, mi ò mọ ìdí rẹ̀. Ní bí oṣù méjì sẹ́yìn ló dún. Ohùn ọkùnrin kan ni, ó ní, “Bàbá Ọ̀yọ́, ẹ kú ọdún o. Omi ti mọ́, ẹja kúta ti dé, a ò tíì rí yín. Ṣé kò sí o?” Mo sọ fún un pé ẹ ti lọ. Ó kí mi kú àṣẹ̀yìndè. Lẹ́yìn náà ló ní kí n wá gba ẹrù yín.

Mi ò sọ fún Màmá. Tó bá jẹ́ obìnrin ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, kò yẹ kó tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Tí kò bá sì sí obìnrin, a jẹ́ pé èmi ni mo fi ẹnu mi tú ilé yín ká. Mo fẹ́ mọ̀ kí Màmá tó dàgbà ju kó lè gbọ́ ọ lọ. Ìrora ẹni tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀ ló ń gbé káàkiri láti ọdún mẹ́wàá, èmi ni mo sì gbé e lé e lórí.

Mo wọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìbàdàn, láti Ìbàdàn dé Ọ̀rẹ̀, títí mo fi dé Igbókòdá tí mo wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ráhùn pé orúnkún ń dùn yín láti ilé dé ṣọ́ọ̀ṣì! Bọ̀dá Mósè, ẹni tó pè mí, ló wá pàdé mi. Ọlọ́kọ̀ ojú omi ni, ó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún, ó sì sọ fún mi pé ẹ̀yin lẹ kọ́ òun ní ìwé nígbà tí ẹ jẹ́ tíṣà lágbègbè wọn, kí ẹ tó gbé Màmá níyàwó. Lẹ́yìn náà ló gbé páálí kan sọ̀ kalẹ̀ láti orí àjà ilé rẹ̀.

Bàbá, ẹja ló kún inú rẹ̀. Ẹja igi, kò sí èyí tó gùn ju ìka mi lọ. Ẹ gbẹ́ wọn, ẹ fín ìpẹ́ sí wọn lára bí àwọn ará ilé yín ṣe ń fín igbá, ẹ fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ojú wọn, ẹ sì so ìwọ̀ mọ́ wọn nídìí, kí ẹja gidi lè gbé wọn mì. Pupa ni àwọn kan ní ọ̀fun, ikùn àwọn kan ń dán bíi fàdákà, ẹ̀yìn àwọn kan dà bí ewé. Mo fi èékánná ha ọ̀kan. Kútẹ́ẹ̀sì ni.

Mo jókòó sílẹ̀ níwájú àlejò, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Mo bi Bọ̀dá Mósè pé kí ló dé tí ẹ ò fi sọ fún wa. Ó ní, “Bàbá yín ní ẹ ó fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Àgbàlagbà, díákónì ṣọ́ọ̀ṣì, kó máa gbẹ́ nǹkan ìṣeré ọmọdé kiri. Kó tún wá mú ẹja tán, kó dá a padà sómi. Ta ni yóò gbọ́ irú ẹ̀ ní Ọ̀yọ́ tí kò ní rẹ́rìn-ín?” Òótọ́ ni. À bá rẹ́rìn-ín títí ikùn á fi dùn wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kì í tú ilé, Bàbá. Ṣé ẹ ò mọ̀ ni?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní àfi kí n fi ọwọ́ ara mi mú ẹja wò kí n tó lọ. Kó tó tú ọkọ̀ tán, mo bọ́ bàtà mi sórí iyanrìn létí omi, mo lọ wo àwọn igi tí gbòǹgbò wọn dúró sókè omi. Kí n tó padà, omi ti kún, ó ti gbé bàtà lọ. Bọ̀dá Mósè rẹ́rìn-ín títí, ó ní ẹ̀yin náà pàdánù bàtà níbẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́ tí ẹ dé. Àwa ará òkè, odò tó ń lọ tí kì í bọ̀ la mọ̀. A ò mọ̀ pé odò lè padà wá sílé.

Ọ̀pá yín tínrín bíi pàṣán. Okùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju òwú ìránṣọ lọ, àfi wáyà kékeré tí ẹ so sí iwájú ẹja igi nítorí eyín kúta. Nígbà tí omi tún bẹ̀rẹ̀ sí í fà padà sínú òkun, Bọ̀dá Mósè tukọ̀ wa lọ sí ibi tí odò tóóró kan ti ń já wọ ẹnu odò ńlá. Ó ní bí omi bá ń fà báyìí, àwọn ẹja kéékèèké á máa jáde láti àárín gbòǹgbò igi, kúta á sì lúgọ dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà. Kí n ju ẹja igi síbẹ̀. Kí n fà á díẹ̀, kí n dúró, kí n tún fà á díẹ̀, kó lè dà bí ẹja tí ara rẹ̀ kò yá.

Mo jù ú, ó há sára igi. Mo tún jù ú, ó há sára fìlà Bọ̀dá Mósè. Nígbà tó pẹ́, nǹkan kan gbá okùn náà lọ́wọ́ mi. Bọ̀dá Mósè pariwo, “Ẹ tú u fún un! Ẹ jẹ́ kó sáré!” Mo fi gbogbo agbára fà á. Okùn já pàù, ẹja igi yín kan sì bá a lọ. Mo tún bẹ̀rẹ̀ ẹkún. Bọ̀dá Mósè ní kì í ṣe agbára lẹ fi ń mú wọn. Bó bá ń fà, ẹ̀yin á jẹ́ kó máa lọ, bó bá rẹ̀ ẹ́, ẹ̀yin á ká okùn díẹ̀, ẹ kì í kánjú.

Èkejì tó mú, mo jẹ́ kó sáré. Ó sáré, ọ̀pá tẹ̀ títí orí rẹ̀ fi kan omi, mo ń pe orúkọ Jésù, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Ó gùn tó apá mi nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó yọ eyín sí mi. Ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn mi ni pé kí n gbé e lọ fún Màmá, kó lè rí ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n Bọ̀dá Mósè ti fi ẹ̀mú yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ẹ máa ń sọ pé, “Mo ti fi igi tan ọmọ ọlọ́mọ, ṣé kí n tún wá jẹ ẹ́ ni?” Mo dì í mú nínú omi títí mímí rẹ̀ fi balẹ̀, mo sì la ọwọ́ kó lọ. Inú mi dùn dé ibi tí mi ò mọ̀ rí. Ìgbà yẹn ni mo gbà yín gbọ́, Bàbá. Ó pẹ́ jù, mo mọ̀.

Èyí tó le ló wá kù, bí màá ṣe sọ fún Màmá. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi gbé páálí náà pa mọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Tí mo bá dákẹ́, yóò kú pẹ̀lú ìrora tí kò yẹ ẹ́. Tí mo bá sọ ọ́, yóò mọ̀ pé òfo ló fi ọdún tó kù fún ọkọ rẹ̀ láyé rà. Kí lẹ̀yin ì bá ṣe? Mo bi yín lọ́jọ́ náà, mo tún ń bi yín.

Mo gbé e lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ọjà Igbó, níbi tó ti ń ta òwú àti bọ́tìnnì. Ó mú ẹja igi kan, ó yí i wò. Ó ní, “Kútẹ́ẹ̀sì nìyí.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bí mo ṣe kọ ọ́ síbí. Oníbàárà kan wá béèrè òwú dúdú, ó tà á fún un, ó sì tún jókòó. Nígbà tó yá, ó ní, “Wọ́n sọ fún mi pé àwọn làwọn ni ín. Òótọ́ ni wọ́n sọ.” Mo kúnlẹ̀, mo ní èmi ni mo fà á. Ó ní, “Dìde. Ìwọ lo mú ìgò wá. Èmi ni mo kó ẹrù.” Kò tún sọ nǹkan kan lé e fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Kò jẹun dáadáa, kò lọ sípàdé àwọn obìnrin. Mo rò pé mo tún ti ba nǹkan jẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Lánàá, ó jí, ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ Sátidé ni. Ó ní ká lọ sí Ọ̀yọ́. A wọ bọ́ọ̀sì, a sọ̀ kalẹ̀, a wọ kẹ̀kẹ́ dé Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Kò yà sí pálọ̀, kò kí àwọn tó wà lójúde. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà lọ tààrà, síbi tí a tẹ́ yín sí. Ẹ mọ̀ pé orúnkún rẹ̀ kò dára. Ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì náà, ẹsẹ̀ méjèèjì.

Ó ní, “Ẹ kú ilé o, bàbá ọmọ mi.”

Ó wá ń dúró. Bàbá, ó ń dúró ní tòótọ́, ó tẹ́tí sílẹ̀, kò dìde. Obìnrin tó ti ìrìn àjò dé, tó kí ọkọ rẹ̀ kú ilé, kì í kàn dìde láìgbọ́ ìdáhùn. Mo wo ilẹ̀, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí mi ò lè mú un mọ́ra mọ́, mo bá yín dá a lóhùn. Mo ní, “Ẹ káàbọ̀.”

Ó sì na ọwọ́ sí mi kí n fà á dìde.

Bí kì í bá ṣe ohun tí ẹ̀yin ì bá sọ nìyẹn, ẹ fi orí jì mí.

Èmi ọmọbìnrin yín tó fẹ́ràn yín, tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí yín lójoojúmọ́.