Ìbọn Tó Fúyẹ́ Ti Gòkè Lọ

Bàbá Zenzi,

Ẹ má wulẹ̀ wá ìbọn tó fúyẹ́ yẹn. Ó ti bá mi gun òkè lọ. Tiyín wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin, pẹ̀lú awò orí rẹ̀ tí ẹ fi ń wo ẹran lókèèrè, tó tóbi bí ìkòkò ọbẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, mo gbé tiyín kọ́ èjìká, mo ní kí n dán an wò dé ẹnu géètì. Kí n tó débẹ̀, mo ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Vinzenz àbúrò yín bú sẹ́rìn-ín: "Ìyàwó wa, ṣé ọdẹ lẹ ń lọ ni, àbí ẹ̀ ń gbé òpó ilé kiri?" Ni mo bá dá a padà, mo mú èyí tí ẹ̀ ń pè ní ìbọn ọmọdé. Awò rẹ̀ kéré lóòótọ́, àmọ́ láti ojú fèrèsé ilé ìdáná ni mo ti fi rí àwọn ewúrẹ́ igbó lórí àpáta.

Mo mọ̀ pé inú máa bí yín. Ṣùgbọ́n dókítà ní orúnkún yín ò gbọdọ̀ ru ẹrù mọ́, ẹ ò sì gbọ́. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi hẹlikọ́pítà gbé ọkọ mi sọ̀kalẹ̀.

Ẹ mú ọ̀pá ìtilẹ̀ àti búrẹ́dì, kẹ́ ẹ rọra máa bọ̀ ní ahéré òkè. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ yìnbọn. Tẹ́ ẹ bá tàsé, màá sọ pé atẹ́gùn ló fà á.

Burgl yín