Aṣọ Ìyá Àgbà Kò Gbọdọ̀ Gbẹ

                                        Agboolé Olómi,
                                        Etí Odò Òwúrù,
                                        Lọ́nà Òmù-Èkìtì.
                                        Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kìn-ín-ní, 1938.

Ẹ̀gbọ́n mi Morìnsọ́lá ọ̀wọ́n,

Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Bàtà wòléwòlé ti rin gbingbin. Ti ẹsẹ̀ òsì ni. Gbogbo wa ń bá a kẹ́dùn.

Ẹ kú ọyẹ́ o. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà ní Ìbàdàn? Ọkọ yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì ń lúwẹ̀ẹ́ dáadáa, àbí omi ẹ̀rọ ti sọ wọ́n di ará ilẹ̀? Ara tiwa le. Ti Ìyá Àgbà wa, Àwẹ̀ró, le jù: ìpẹ́ ló bò wọ́n láti orí dé ìrù.

Wòléwòlé ló mú ìwé Ajẹ́lẹ̀ wá, pé kí gbogbo àwa ọmọ Olómi jáde kúrò nínú odò kí ọyẹ́ tó lọ, kí a wá máa gbé orí ilẹ̀, kí a sì gbẹ́ ṣáláńgá. Ìyá Àgbà rẹ aṣọ etù wọn sínú omi, wọ́n tẹ́ ẹ sórí àpáta, wọ́n pe ẹ̀mí ìyá ìyá wọn, wọ́n wọ odò, wọ́n sì di dírágónì. Ẹ mọ̀ pé ohun tí ìdílé wa ń ṣe nìyẹn tí ọ̀rọ̀ bá kọjá ẹnu.

Ẹ sì mọ òfin rẹ̀: ọmọ ilé kan ní láti jókòó lé aṣọ náà. Aṣọ tútù yẹn nìkan ló lè dá wọn padà sí ènìyàn. Bó bá gbẹ, wọ́n di dírágónì títí ayé. Èmi ni mo jókòó. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Wòléwòlé tún dé, ó jù mí lọ, mo dìde, mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Kí n tó gbórí sókè, ó ti kó aṣọ lọ, ó ní ìdọ̀tí ni. Ìdọ̀bálẹ̀ kọ́ èmi ọmọ omi ní ìwọn ilẹ̀, kò sì pa mí lára. Ìkíni tí wọ́n kọ́ mi nílé ló kó bá wa.

Ó sá aṣọ náà sójú fèrèsé kóòtù, nínú ọyẹ́ yìí! Ni a bá dìde. Olúkúlùkù gbé igbá omi, ó ń gba iwájú kóòtù kọjá, ó ń ṣèèṣì dà á sí aṣọ náà. Fájọbí aládùúgbò wa, tí ojú rẹ̀ mú ju ti àṣá lọ, ṣèèṣì nígbà mẹ́tàdínlógún.

Wòléwòlé pariwo pé, "Ṣé ẹ ò lójú ni?"

Alice, ìyàwó Fájọbí, ní, "A ní, ọ̀gá. Omi ni kò ní."

Ibẹ̀ ni bàtà ti rin.

Ní ọjọ́ kẹta, ìwé akọ̀wé kóòtù rin débi pé òun fúnra rẹ̀ ló ju aṣọ náà síta. Mo he é, mo sáré dé odò, mo bẹ Ìyá Àgbà kí wọ́n wọ̀ ọ́. Wọ́n fi ẹnu gbà á, wọ́n jáde nínú odò, wọ́n lọ dùbúlẹ̀ gbalaja sẹ́nu ọ̀nà kóòtù, aṣọ wà lábẹ́ ikùn wọn, èéfín ń yọ nímú wọn. Akọ̀wé dúró lókèèrè, ó béèrè ohun tí wọ́n ń wá.

Wọ́n ní, "Ẹ ní kí n jáde kúrò nínú omi, kí n wá gbé orí ilẹ̀. Mo ti jáde. Ulé mi nìyí. Ọjọ́ tí ẹ bá fa ìwé yín ya ni n ó wọṣọ."

Gbogbo wa ti jókòó tì wọ́n, a ò sì ní dìde. Ẹni tó bá ní omi kì í ṣe ilé, kó lọ bi ẹja.

Ẹ bá wa kí ọkọ yín. Ẹ rẹ aṣọ kan sílẹ̀. A kì í mọ̀.

Èmi ni àbúrò yín tó ti ń kíni níjòókòó,
Awórìndé.

Ìkéde tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri kóòtù láàárọ̀ yìí nìyí, mo dà á kọ bó ṣe wà:

ÌKÉDE. Kò sí dírágónì kankan ní àgbègbè yìí. Kí ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹjọ́ máa gba ojú fèrèsé wọlé. A fún dírágónì náà ní ọjọ́ méje láti kúrò lẹ́nu ọ̀nà.