Ìrìn-àjò Àlọ Láìsí Àbọ̀ Tí Mo Ṣètò fún Bàbá Althea

                                                            Lower Bay,
                                                            Erékùṣù Bequia,
                                                            Saint Vincent àti Grenadines.
                                                            Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹta, 2023.

Hyacinth, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti ń jẹ́ kó gun àtẹ̀gùn? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti ìkókó tuntun tí o ní ó fi gbogbo ojú jọ ìyá rẹ? Mo mọ̀ pé òtútù ìlú Òyìnbó yín kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀. Kí Ọlọ́run máa pa yín mọ́ níbẹ̀. Ní ti àwa níbí, a ń mí, a sì dúpẹ́. Màmá mi ṣì wà lórí ibùsùn, ara ò le, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ le koko. Máńgòrò ẹ̀yìnkùlé yín so lọ́dún yìí débi pé àwọn ewúrẹ́ gan-an ń jẹ ẹ́ kù. Ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin ṣì ń kiri ẹja pẹ̀lú ariwo rẹ̀, ó ní tí o bá ti gbàgbé ohùn òun kí o wá sílé wá gbọ́ ọ.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sún lẹ́tà yìí síwájú. Althea ọmọ mi ní kí n pè ọ́ lórí fóònù, àmọ́ mo mọ̀ pé bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, ẹkún ni n ó sun, a ò sì ní rí ọ̀rọ̀ kankan sọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú kálámù. Ọ̀rọ̀ Bàbá Althea ni.

Ìwọ náà rántí pé mo sọ fún ọ nígbà Kérésìmesì pé Everard ọkọ mi ti ń gbàgbé nǹkan. Ó ń wá fìlà tó wà lórí rẹ̀, ó ń fi iyọ̀ sínú tíì kòkó. A fi í rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan báyìí, mo gbé tíì àti gbẹ̀rẹ̀fútù sísun lọ bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé. Ó dìde fún mi. Ó ṣí fìlà. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Madam. Ẹ jókòó. Ṣé ọkọ̀ ojú omi lẹ fẹ́ yá?"

Hyacinth, mo bojú wẹ̀yìn kí n lè rí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Kò sẹ́nìkan. Mo rò pé àwàdà ni, o mọ Everard. Ṣùgbọ́n "ẹ" yẹn ló gún mi lọ́kàn. Láti ìgbà tí a ti wà lọ́dọ̀ọ́, "Ìwọ Ione yìí" ni mò ń jẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Kò bọ̀wọ̀ fún mi báyìí rí, n ò sì fẹ́ ọ̀wọ̀ náà.

Láti ọjọ́ yẹn, ó lè mọ̀ mí lónìí, kó má mọ̀ mí lọ́la. Bẹ́ẹ̀ ni òkun kò jẹ́ kó gbádùn. O mọ̀ pé omi ò jìnnà sí ilẹ̀kùn wa. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ó ti sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí òkun, yóò máa tú ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, yóò ní àwọn oníbàárà ń dúró de òun. Cosmore apẹja ló bá a lọ́jọ́ kan ní ìta èbúté, nínú ọkọ̀ kékeré kan tó ń jò, kò ní àjẹ̀, omi ti dé kókósẹ̀ rẹ̀, ó sì ń kọrin. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, ó bá Cosmore wí pé ó ba iṣẹ́ òun jẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, n kì í lè sùn mọ́. Màmá ń pè mí ní yàrá, Everard ń jáde lẹ́nu ọ̀nà, èmi nìkan láàárín wọn. Mo dákú nílé ìdáná. Dókítà ní bí mo bá ń bá a lọ báyìí, èmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ sin.

Veda, àbúrò Everard obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní erékùṣù Carriacou ní Grenada, ló sọ òkodoro ọ̀rọ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, ilé rẹ̀ wà lórí òkè ní Belvedere, ó jìnnà sómi, àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì sì lágbára bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní, "Ìyàwó wa, gbé ẹ̀gbọ́n mi wá. O ti ṣe é, o ti gbìyànjú. Tó o bá kú sí i lọ́rùn, ta ló máa tọ́jú Màmá ẹ?" N kò lè tẹ̀ lé e lọ gbé níbẹ̀, Hyacinth. Màmá kò ṣeé gbé kúrò lójú kan, kò sì ní gba síbí oúnjẹ lọ́wọ́ ẹlòmíì. Mo wá dà bí aṣọ tí èèyàn méjì ń fà.

Bí a ó ṣe gbé e débẹ̀ ni ìṣòro tó kù. Kò ní wọ bàálù. A gbìyànjú rẹ̀ rí nígbà ìgbéyàwó Althea, ìwọ náà gbọ́ ìtàn yẹn. Nínú ọkọ̀ ojú omi akérò, ariwo èrò máa ń mú un jà. Veda ní ká gbé e wá nínú ọkọ̀ onígbòkun, pé ara rẹ̀ á balẹ̀ níbẹ̀. Mo bá lọ bá ìyáàfin kan tó ń yá ọkọ̀. Obìnrin náà ṣèèyàn. Ó ní àwọn kan ń dúró ní Grenada tí wọ́n fẹ́ fi ọkọ̀ náà bọ̀ sókè, nítorí náà a lè fi í sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó wá bi mí pé, "Àlọ nìkan ni, àbí àlọ àtàbọ̀?" Mo ní àlọ nìkan.

Mo wá délé, n kò mọ ibi tí ètò ti ń bẹ̀rẹ̀. Ta ni mo fẹ́ bi? Ẹni tó ti ń gbé àlejò gba ojú omi yẹn láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú ló jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Mo wọ aṣọ tó dára, mo lọ jókòó níwájú rẹ̀ bí oníbàárà.

Ó ní, "Níbo lẹ ń lọ, Madam?"

Mo ní Carriacou.

"Háà! Ibi tí wọ́n bí mi sí nìyẹn! Ṣé ẹ máa padà ni?"

Mo ní rárá, àlọ nìkan.

"Ọgbọ́n lẹ fi ṣe é. Lílọ sísàlẹ̀, atẹ́gùn á máa tì yín lẹ́yìn bí ìyá tó ń ti ọmọ lọ síléèwé. Àbọ̀ ló le. Àbọ̀ á lu ọkọ̀, á lu ará inú ọkọ̀. Mo ti gbé tọkọtìyàwó kan rí, ìgbà tá a fi máa padà dé Bequia, ajá mi nìkan làwọn méjèèjì ń bá sọ̀rọ̀."

Mo rẹ́rìn-ín, Hyacinth. Bí a ti ń sunkún la ti ń ríran.

Ó bi mí pé ta ni mò ń mú lọ. Mo ní ọkọ mi.

"Ṣé ó mọ omi?"

"Ó mọ̀ ọ́n ju gbogbo èèyàn lọ."

"Hẹ̀n-ẹ́n! Irú wọn ló máa ń yọni lẹ́nu jù. Ẹ sọ fún un kó jókòó jẹ́jẹ́, kó jẹ́ kí atukọ̀ ráyè ṣiṣẹ́ ẹ̀."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láràárọ̀ ni a ń jókòó sí i. Ó ń fi èèpo gbẹ̀rẹ̀fútù to àwọn erékùṣù sórí tábìlì: Canouan nìyí, ká sùn níbẹ̀, Mayreau nìyí, ká wẹ̀ níbẹ̀, torí omi rẹ̀ tòrò, Union nìyí, ká gba òǹtẹ̀ sínú ìwé ìrìnnà wa, torí ìjọba Carriacou yàtọ̀, "ìjọba ò mọ̀ pé ọmọ ìyá kan náà ni wá." Ó ní kí n se ìrẹsì òun òtílì sílẹ̀ látilé, kí n má dáná rárá títí a ó fi dé abẹ́ Canouan, torí ìgbì ojú ọ̀nà kì í bọ̀wọ̀ fún ìkòkò. Inú rẹ̀ ń dùn. Ojú rẹ̀ padà sí ti ọkùnrin tí èmi àti ìwọ jọ ń yọjú wò lójú fèrèsé ilé yín. N ò purọ́ fún ọ, ó wù mí kí ètò náà má parí. Ó tún wò mí lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ẹ má bínú o, Madam, kí ló dé tójú yín ń ṣomi?" Mo ní atẹ́gùn ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí mo ṣe ń ṣa òtílì, ó pe orúkọ mi. Ó ní, "Ione, ta ló ń lọ sí Carriacou?" Mo wo ojú rẹ̀, mo sì rí i pé òun fúnra rẹ̀ ló wà níbẹ̀. N ò lè purọ́. Mo ní, "Àwa ni. Ọ̀dọ̀ Veda."

"O máa dúró?"

"Màmá ńkọ́?"

Ó mi orí. Ó wá ní, "Àlọ nìkan nìyẹn." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gba àwo òtílì lọ́wọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi ṣà á. Ó ní, "Kò burú. Ṣáà má sọ fún mi lọ́jọ́ tá a bá ń lọ. Jẹ́ kí n rò pé iṣẹ́ ni mò ń lọ ṣe." Kí n tó rí ohun tí n ó fi dá a lóhùn, ó ti tún ń pè mí ní Madam.

Mo ṣe bó ṣe wí. Alrick Stowe ló wà wá. Everard ló kọ́ ọ níṣẹ́ yìí, ó ti di ọkùnrin tó ń hu ewú báyìí. Nígbà tí a dé inú ọkọ̀, Alrick bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ máa darí ẹ̀. Èmi á máa bá yín fa okùn." Everard wọ ẹ̀wù funfun rẹ̀, ó di ìtọ́kọ̀ mú, ó gbójú sókè wo ìgbòkun. Ó ní kí n jókòó sápá ọ̀tún lábẹ́ òjìji ìgbòkun. Ó wá ní, "Ọkọ yín dà?"

Mo ní ó wà lọ́nà.

"Kò dáa kéèyàn fi irú obìnrin báyìí sílẹ̀ lóun nìkan," ló sọ fún Alrick. Alrick kọjú sí òkun.

Gbogbo ètò tó ṣe lórí tábìlì ló bọ́ sí i. Ní gbogbo ọdún tí mo fi jẹ́ ìyàwó atukọ̀, n ò rí ọkọ mi lẹ́nu iṣẹ́ rí, Hyacinth, bí àwọn àlejò ṣe ń rí i: bó ṣe ń wo àwọ̀ omi kó tó yà fún àpáta, bó ṣe ń sọ̀rọ̀ sí ọkọ̀ bí ẹni ń rọ ẹṣin. Ní Mayreau, ó bẹ́ sómi, ó lúwẹ̀ẹ́, ó pè mí kí n wá wo ìjàpá òkun. Ní Union, òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè bi í pé kí ló ń lọ ṣe ní Carriacou. Ó nà ró, ó ní, "Oníbàárà ni mò ń gbé lọ. Tí mo bá ti já a sílẹ̀, ilé yá." Òṣìṣẹ́ náà wo èmi, ó wo ìwé wa tó ní orúkọ ìdílé kan náà, ó sì tẹ òǹtẹ̀. Kí Ọlọ́run bù kún un.

Nígbà tí a dákọ̀ró ní Tyrrel Bay ní Carriacou, Veda àtàwọn ọmọ rẹ̀ ti ń dúró. Everard dá àbúrò rẹ̀ mọ̀ lójú ẹsẹ̀, ó dì mọ́ ọn, ó ń pè é ní orúkọ tí ìyá wọn ń pè é. Mo dúpẹ́, ó sì dùn mí. Mo sùn níbẹ̀ ní ìwọ̀nba ọjọ́ tí mo lè sùn. Ó ń jẹun, ó ń sùn, òkè yẹn tẹ́ ẹ lọ́rùn. Veda ní kí n lọ, pé bí mo bá ṣe ń pẹ́ sí i ni yóò ṣe máa le sí i fún mi.

Ní àárọ̀ tí mo ń lọ, Everard sìn mí dé ẹnu géètì. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́ bí ó ṣe máa ń bọ àwọn àlejò lọ́wọ́, ó ní òun gbádùn bí òun ṣe bá mi rìn. Ó wá wẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí Veda má gbọ́.

"Madam, ṣé Bequia lẹ ń padà sí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ya Lower Bay. Ẹ bèèrè ilé Ione, wọ́n máa fi hàn yín. Ìyàwó mi ni. Kì í jẹun tí n ò bá tíì dé. Ẹ bá mi sọ fún un pé iṣẹ́ ló dá mi dúró o. Kó jẹun. Kó má dúró dè mí."

Mo ní n ó sọ fún un. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ṣí fìlà.

Ọ̀rẹ́ mi, bá mi kí ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ. Fi ẹnu ko ìkókó lẹ́rẹ̀kẹ́ fún mi. Bí o bá ráyè, pe ilé Veda, jẹ́ kí Everard bi ọ́ ibi tí o fẹ́ wọkọ̀ lọ. Dárúkọ ibi tó jìnnà dáadáa, kó lè pẹ́ lórí fóònù. Màmá ní kí n kí ọ. Cosmore náà kí ọ.

Mo ti dé Lower Bay, mo sì ti jíṣẹ́ náà fún ìyàwó rẹ̀ bó ṣe rán mi. Ṣùgbọ́n obìnrin náà kò gbọ́ràn, Hyacinth. Oúnjẹ wà lórí tábìlì níbi tí mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, ó ti tutù.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Ione.