Lẹ́tà tó ń dúró de Iredélé

Crusher, Lọ́kọ́ja

Ẹ̀gbọ́n mi Bámiṣayé, okun o. Mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá ọkọ mi ti ń lọlẹ̀.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan la ní. Ara kọ̀ǹpútà Iredélé, ọkọ mi, ni mo so ó mọ́. Ìwé tí mo bá tẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà tèmi ń gba ibẹ̀ kọjá. Bí tirẹ̀ bá wà ní pípa, ìwé tí mo tẹ̀ yóò dúró dìgbà tó bá tàn án.

Lẹ́tà tí mo fi gba iṣẹ́ tí wọ́n fún mi ní Ìbàdàn ló ń dúró báyìí. Mi ò tíì sọ fún un. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dá a lábàá, ó ní, "Ìyá Deborah, ta ni yóò máa fún màmá mi lóògùn?"

Mo lè fagi lé e, ṣùgbọ́n mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Sátidé ló ń bọ̀ láti Kàbà, yóò sì tan kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é ní Jímọ̀, kó gbọ́ lẹ́nu yín kó tó rí i lórí ìwé. Olúwa á ṣọ́ yín.

Àbúrò yín,
Salome