Má Mu Omi Dúrọ́ọ̀mù Mọ́

Ìbítáyọ̀, ìyàwó ọmọ mi,

Bí o bá ti ọjà dé, má mu omi dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìnkùlé mọ́. Má fi se oúnjẹ. Mo ti fa omi kànga kún ìkòkò.

Dúrọ́ọ̀mù yẹn ni mo fi ń po oògùn kòkó lóko. Nígbà tí o lóyún, mo gbé e wálé láti fi gbe omi òjò, kí o má baà máa fa kànga. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi eérú fọ̀ ọ́.

Ọ̀gá iṣẹ́ àgbẹ̀ láti Odogbolu rí i láàárọ̀ yìí. Ó ní, "Bàbá, ṣé igi kòkó ni yín, tí ẹ fi ń mu oògùn kòkó?" Mo ní aláboyún ló ń mu ún. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní fífọ̀ kì í mú un kúrò. Oògùn náà ń dé ara ọmọ inú, ó sì lè da ohun tó ń mú ọmọ dàgbà bí akọ tàbí abo rú. Mo bi í pé kí la ó lò tí yóò fi kúrò lára. Ó ní kò sí.

Mo ti lu ìdí dúrọ́ọ̀mù náà jò. N kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Mo lọ sóko.

Lọ́la, sọ fún nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú oyún rẹ. Bí ó bá fẹ́ bá ọ wí, sọ fún un pé bàbá ọkọ rẹ ló ní kí o mu ún.

Ṣóyẹmí