Màmá Fyness Chiumia, Alágbàtọ́ Èdè Kọ̀ǹpútà (1957–2024)

Etí adágún ní Nkhata Bay, ní àríwá Màláwì, ni a ti bí Màmá wa ní ọdún 1957, sí agbo ilé Mphande, àwọn apẹja. Ẹja yíyan ni ìyá wọn tà tí wọ́n fi jáde ilé ẹ̀kọ́ girama.

Ní 1982, wọ́n kọ́ èdè kọ̀ǹpútà wọn àkọ́kọ́, ìyẹn èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ní Blantyre. Ní 1984, wọ́n di aya Olùkọ́ Lameck Chiumia. Ilé ìwòsàn kan ní Mzuzu gbà wọ́n síṣẹ́ láti máa kọ ètò kọ̀ǹpútà. Bí Màmá bá ti mọ èdè kan dunjú báyìí, àwọn ọ̀gá á ní òmíràn ti dé. Bàbá a máa fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀: “Fyness, àwọn obìnrin yòókù ń pààrọ̀ aṣọ, ìwọ ń pààrọ̀ èdè.”

“Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre, Bàbá Temwa! Ẹ lọ ro òkà nsima yín.”

Alàgbà ni Màmá nínú ìjọ Presibitéríà. Wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ìjọ ní kọ̀ǹpútà.

Ní 2015, ọ̀dọ́mọkùnrin kan níbi iṣẹ́ wọn, Chawanangwa, dá èdè kọ̀ǹpútà tirẹ̀ sílẹ̀. Òun ló fi kọ ètò tó ń wá ẹ̀jẹ̀ tó bá ti aláìsàn mu nínú fíríìjì ilé ìwòsàn. Ó yá bí àṣá. Gbogbo èèyàn yìn ín. Lẹ́yìn náà ló bá iṣẹ́ lọ sí òkè òkun.

Ní 2017, ètò náà dákú nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára aláboyún kan. Àwọn nọ́ọ̀sì ń tú àpò ẹ̀jẹ̀ inú fíríìjì lọ́kọ̀ọ̀kan. Díẹ̀ ló kù kí obìnrin náà bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ èdè tó fi kọ ọ́, ni Màmá bá pe Chawanangwa.

“Ẹ má bínú, Màmá. Èmi gan-an ò rántí ẹ̀ mọ́. Èdè míì ni mò ń lò báyìí.”

“O bí i, o sì já a jù sílẹ̀. Ó dáa, màá bá ẹ tọ́ ọ.”

Ọdún yẹn ló yẹ kí Màmá fẹ̀yìn tì. Bàbá ṣáájú lọ sílé etí adágún. Màmá dúró ní Mzuzu, wọ́n kọ́ èdè ọmọkùnrin náà láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń tún ètò náà kọ ní èdè tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà mọ̀. Wọn ò tíì parí rẹ̀ tí àrùn rọpárọsẹ̀ fi kọlu Bàbá ní 2019, tó sì gba ohùn lẹ́nu wọn.

Ní 2020, Màmá parí iṣẹ́, wọ́n wálé. Wọ́n sọ fún Temwa pé: “Mo gbọ́ èdè tí ẹni tó dá a sílẹ̀ ti gbàgbé. Ohùn bàbá yín ni mi ò dúró gbọ́.” Láti ìgbà náà, wọ́n ń jókòó ti Bàbá lójoojúmọ́, títí wọ́n fi mọ ohun tí ìka kọ̀ọ̀kan àti ìpéǹpéjú ń wí.

Màmá sùn nínú Olúwa ní oṣù Kẹta, 2024. Bàbá Lameck, àwọn ọmọ wọn Temwa àti Lusungu, àti àwọn ọmọ-ọmọ ló gbẹ̀yìn wọn. Nígbà tí wọ́n gbé pósí wọlé, Bàbá gbé ìka kan sókè. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ẹ sinmi, Màmá. Kí Olúwa fi ilẹ̀ etí omi tẹ́ ibùsùn fún yín. Ẹ sùn un re o.