Àdúrà Kí Wọ́n Pàdánù

Àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé àwọn ọmọ ń lọ sílé ìwé? Ọlọ́run tó mú ọ wọ ìlú ńlá yẹn kò ní jẹ́ kí ìlú ńlá gbé ọ mì. Bó bá jẹ́ orí ìdúró lo ti ń ka ìwé yìí, jọ̀wọ́ wá ibì kan jókòó sí.

Má bínú pé ìwé ni mo kọ. Mo pè ọ́ títí ọwọ́ fi ń ro mí. Obìnrin kan ló ń gbé fóònù rẹ, ó ní o kò sí nítòsí, kí n tún gbìyànjú tó bá yá. Mo kí i dáadáa, mo béèrè àwọn ará ilé rẹ̀, mo wá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi sọ fún ọ pé ara bàbá yín kò yá. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún sọ bíi pé n kò la ẹnu. Bó bá jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ ni, lé e lọ, wọn kò kọ́ ọ nílé.

Kò pẹ́ tí àbúrò rẹ bá ẹgbẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì orílẹ̀-èdè wa, àwọn tó ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, lọ sókè òkun ni apá ọ̀tún bàbá yín rọ. Wọ́n ń rẹ́ pákó ilẹ̀kùn lọ́wọ́ ni, ayùn kàn bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń wò ó nílẹ̀ bíi pé ti ẹlòmíràn ni. Dókítà ní kí a máa gbàdúrà. Bí dókítà bá ti ní kí ènìyàn máa gbàdúrà, ìwọ náà mọ̀ pé oògùn ti tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni bàbá yín ń wí, pé kí àwọn fojú kan àbúrò rẹ kí àwọn tó lọ. O mọ̀ pé àwọn ni wọ́n gbẹ́ igi ìgbábọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí ọmọ náà lò, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi ni wọ́n sì gé tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní iwájú ilé wa ló ní rédíò tó ń gbọ́ òkè òkun, òun ni mo lọ bi pé ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀. Ó ní wọn yóò kọ́kọ́ ṣe eré ọlọ́jọ́ márùn-ún ná. Bàbá yín ní ṣé eré ni àbí ẹjọ́ ilẹ̀? Tíṣà gbé rédíò wá bá wa, a gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Rédíò ní aṣọ funfun ni gbogbo wọn wọ̀ bí àwọn nọ́ọ̀sì, ọ̀sán pọ́n wọ́n lọ jẹun, ó tún ṣe díẹ̀ wọ́n lọ mu tíì, ìgbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú réfírì ní ìmọ́lẹ̀ kò tó. Orílẹ̀-èdè tó ní bàlúù, kò lè ra àtùpà. Lọ́jọ́ karùn-ún wọ́n ní kò sẹ́ni tó borí. Bàbá yín kọjú sí ògiri títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ibẹ̀ ni èrò yẹn ti wá sí wọn lọ́kàn. Níbi tí àwa ti mọ eré, ẹni tí wọ́n bá nà ló ń kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé, ẹni tó borí ló ń dúró. Bàbá yín ní kí a máa gbàdúrà kí ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè wa pàdánù. Mo ní ọmọ wa wà nínú wọn, wọ́n ní ohun tí àwọn ń wí gan-an nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gbà á ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, nítorí télọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé wa àti gbogbo àdúgbò ń gbàdúrà ìṣẹ́gun. Tiwọn ń gòkè, tiwa ń gòkè, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń yà fún ara wọn lọ́nà.

Wọ́n tún ṣe ọlọ́jọ́ márùn-ún mìíràn, wọ́n sì na ẹgbẹ́ wa nínà ìtìjú. Télọ̀ ta bẹ́ǹṣì rẹ̀ nípàá. Bàbá yín rẹ́rìn-ín, ní ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí apá ti rọ. Wọ́n ní kí n fá irùngbọ̀n àwọn, kí n gbé àga àwọn kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Mo gbálẹ̀, mo tẹ́ ibùsùn ọmọ náà. A jókòó títí, kò sẹ́ni tó wọlé.

Mo tún gba ọ̀dọ̀ Tíṣà lọ. Ó ní wọ́n ti bọ́ aṣọ funfun, wọ́n ti wọ aláwọ̀, wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ eré ọlọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìyẹn ni wọn yóò ṣe eré kékeré kan tó ń parí kí oorun tó kun ènìyàn. Mo ní áà, ó ti rẹ̀ wọ́n nìyẹn, wọ́n ń dín in kù fún wọn. Ó ní rárá, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni irú eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n ti dá ọjọ́ sí i kí wọ́n tó kúrò nílé, pé kí wọ́n borí o, kí wọ́n pàdánù o, ọjọ́ tí bàlúù yóò gbéra kò yẹ̀. Mo padà sílé. Bàbá yín bi mí, mo ní wọ́n ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Wọ́n ní ó ku kí wọ́n pàdánù lẹ́ẹ̀kan péré nìyẹn, kí n má jẹ́ kó rẹ̀ mí.

Ọjọ́ eré ọlọ́jọ́ kan náà, Tíṣà gbé rédíò sójú fèrèsé wa kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́. Nígbà tó kù díẹ̀, ẹni tó ń ròyìn ní bọ́ọ̀lù ti lọ sókè réré, ó ń bọ̀ sọ́wọ́ àbúrò rẹ, ó ní èyí tí ọmọdé pàápàá yóò mú ni. Ó bọ́. Ó ní bó ṣe bọ́ yẹn, eré ti bọ́ lọ́wọ́ wa. Télọ̀ ṣépè fún ìyá tó bí i, ìgbà tó rántí pé èmi ni, ó kí mi kú ìrọ̀lẹ́. Bàbá yín ní ó ń bọ̀ nìyẹn. Wọ́n gbé orí lé ẹ̀yìn àga, ojú wọn sí ẹnu ọ̀nà, wọn kò sì gbé e sókè mọ́. Ọmọ mi, bàbá yín ti papò dà. Mo ti sunkún títí ojú mi wú, sun tìrẹ náà, kí o sì nu ojú kí àwọn ọmọ tó dé.

Àbúrò rẹ pè lánàá lórí fóònù Tíṣà. Ó ní òun kò mọ ohun tó ṣe ọwọ́ òun, bọ́ọ̀lù ti wà lọ́wọ́ òun tán, ó kàn dà bíi pé ẹnì kan já a gbà. Ó ní ṣé bàbá òun gbọ́ ọ, mo ní wọ́n gbọ́. Ó ní kí n gbé fóònù fún wọn kí òun bẹ̀ wọ́n. Mo ní wọ́n ń sùn. Ó ní kí n má jí wọn, pé ó ku eré kékeré yẹn, òun yóò fi ṣe àtúnṣe, kí n sọ fún wọn bí wọ́n bá jí.

Ìwọ ni ẹ̀gbọ́n, ìwọ ni yóò sọ fún un. Ti àdúrà yẹn ni n kò mọ̀ bóyá kí o sọ. Bó bá mọ̀, yóò mọ̀ pé ọwọ́ òun kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n yóò tún mọ̀ pé àwa òbí rẹ̀ ló já a gbà. Ìwọ lo kàwé, yan èyí tó bá sàn jù.

Jọ̀wọ́ fi owó ránṣẹ́, nítorí mọ́ṣúárì ń gba owó lójoojúmọ́ bí ilé ìtura tó gba àlejò. Má fi sí báńkì. Ẹ̀rọ ara ògiri yẹn béèrè nọ́ńbà àṣírí mi, mo sọ ọ́ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ẹni tó tò sẹ́yìn mi gbọ́, síbẹ̀ kò fún mi ní nǹkan kan. Dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ pákó tó mú ìwé yìí wá ni kí o fi rán.

Ẹ ó dàgbà, ẹ ó dógbó, ọmọ yín ni yóò sin yín, ẹ ò sì ní wá ara yín tì lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò ara yín. Eré kékeré náà kò tí ì dé. Mo ti ń gbàdúrà kó borí, bá mi ṣe àmín sí i, nítorí èmi nìkan ni mo ń gbà á nílé báyìí.

Èmi ni ìyá rẹ.